Tòkunbọ̀ Kún Èkó, Páàtì Kíyà Morse Di Àwátì

Anthony kì í ṣe àdúgbò tí ọ̀nà wọ́n sí. Títì Ìkòròdú gba ibẹ̀ kọjá. Títì tí ó ti Òṣòdì wá, tí ó ń lọ sí Gbàgádà àti Òwòròǹṣòkí, sì pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Anthony lè lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà. Ó lè lọ sí Mile 12, tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ kan náà. Ó sì lè gba Òṣòdì dé ọjà Alaba ní Ọ̀jọ́. Àwọn ará Èkó a máa fọ́nnu pé kò sí ohun tí ènìyàn ń wá tí kò sí ní ọjà wọn. Kí ẹnì kan gbé kíyà Morse àtijọ́ dání ní Anthony, kí ó máa wá páàtì kan ṣoṣo tí ó bàjẹ́ nínú rẹ̀ kiri, nígbà náà ni yóò mọ bí ìfọ́nnu náà ti jẹ́ òótọ́ tó.

Ní ìsọ̀ kìíní, wọn yóò yí ẹ̀rọ náà síwá sẹ́yìn, wọn yóò béèrè ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ní ìsọ̀ kejì, wọn yóò ní irú IC tí ó wà nínú rẹ̀ kò jáde mọ́. Ní ìsọ̀ kẹta ni wọn yóò ti sọ èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ: “Dádì, ẹ jù ú nù, ẹ lọ ra òmíràn.” Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún sọ, ó sì jọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n. Àrùn gan-an nìyẹn. Orílẹ̀-èdè tí ó bá ti fi “ẹ jù ú nù” ṣe ìdáhùn sí ohun gbogbo tí ó bàjẹ́ ti sọ ara rẹ̀ di àkìtàn fún àwọn tí ń ṣe ohun tuntun.

Ó tọ́ kí ẹni tí kò mọ kíyà Morse kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé rédíò ilé iṣẹ́ ìròyìn ń sọ̀rọ̀, kì í gbọ́ èsì. Irú rédíò mìíràn wà tí ó ń gbọ́ èsì. Òun ni rédíò ámátọ̀, tí àwọn ènìyàn ń fi owó ara wọn rà, tí wọ́n ń gbé òpó rẹ̀ sórí òrùlé ara wọn, tí wọ́n sì fi ń bá ẹni tí wọn kò rí rí sọ̀rọ̀ ní ìlú òkèèrè, láìgba kọ́bọ̀. Ní Nàìjíríà, àjọ NCC ni ó ń fún wọn ní ìwé àṣẹ, orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ lórí afẹ́fẹ́ sì ń fi 5N bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn nínú wọn ń fi ẹnu sọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn ń fi Morse sọ ọ́.

Àmì méjì péré ni Morse ní, kúkúrú àti gígùn, gígùn kan sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta kúkúrú. Ẹni tí ó bá ń lo irin ìtẹ̀ lásán ni yóò máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn àkókò wọ̀nyí. Kíyà mú ìnira náà kúrò. Apá pẹlẹbẹ méjì ni wọ́n máa ń fi pàṣẹ fún un: àtàǹpàkò ń tẹ ọ̀kan, kúkúrú ń jáde, ìka ìfábẹ̀lá ń tẹ èkejì, gígùn ń jáde. Sákíìtì inú kíyà ni ó ń wọn àkókò kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú. Ohun tí ó máa ń bàjẹ́ nínú rẹ̀ kò pọ̀: orí fàdákà tí ń kan ara wọn yóò jẹ tán, sípíríǹgì yóò dẹ̀, kápásítọ̀ yóò gbẹ, ilé bátìrì yóò dípẹtà, kọ́ńtíróòlù tí wọ́n fi ń yí ìyára yóò máa fò, tàbí kí IC kú. Ọ̀kan nínú wọn tó láti sọ gbogbo ẹ̀rọ di odi.

Morse kì í ṣe àlejò ní Èkó. Ní 1886 ni wáyà abẹ́ òkun so Èkó mọ́ London. Lẹ́yìn náà, ní ilé ìfìwéránṣẹ́ àti ní ibùdókọ̀ rélùwéè, ìka ọmọ Nàìjíríà ni ó ń tẹ ìròyìn ikú, ìròyìn ìbí àti iye owó kòkó láti ìlú dé ìlú. Títí di òní, àgbàlagbà tí ó bá ń sọ pé wọ́n “tẹ wáyà” sí òun, iṣẹ́ ìka àwọn ènìyàn náà ni ó ń sọ. Ẹni tí ó bá tún kíyà ṣe ní Anthony lónìí, ogún ilé ni ó ń tún ṣe.

Àwọn tí ń ní kí wọ́n jù ú nù ní ẹ̀rí tiwọn, ó sì yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi gbogbo àgbáyé ti fi Morse sílẹ̀ ní 1999, nígbà tí ètò ìpè pàjáwìrì tuntun tí ó ń lo sátẹ́láìtì gba ipò rẹ̀. Wọ́n ní ní 2003, ní ìpàdé àjọ ITU ní Geneva, wọ́n yọ ìdánwò Morse kúrò nínú ohun tí òfin àgbáyé sọ di dandan fún ẹni tí ó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ rédíò ámátọ̀. Wọ́n tún ní láti 2001 tí fóònù alágbèéká ti dé Nàìjíríà, kò sí ẹni tí ó nílò ẹni tí ń tẹ kúkúrú àti gígùn.

Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀rí wọ̀nyí, ṣùgbọ́n kò gbè wọ́n. Ìdánwò ni Geneva yọ kúrò, kò yọ Morse kúrò. Àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un lórí afẹ́fẹ́ ṣì wà, alaalẹ́ sì ni àwọn ènìyàn ń pàdé níbẹ̀ láti Brazil títí dé Japan. Ìdí tí wọn kò fi kúrò níbẹ̀ kò fara sin. Àmì Morse kò fẹ̀ rárá lórí afẹ́fẹ́, nítorí náà agbára iná kékeré, wáàtì márùn-ún péré, lè gbé e la òkun kọjá ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá gbà á. Níbi tí ohùn ènìyàn ti rì sínú ariwo, etí ṣì lè ṣa Morse jáde.

Kí àwọn tí ó gbẹ́kẹ̀ lé fóònù nìkan rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹta, 2024. Ní ọjọ́ náà, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire. Íntánẹ́ẹ̀tì dákẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ní Nàìjíríà àti ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ó yí i ká, àwọn ilé ìfowópamọ́ sì dààmú. Kò sí ẹni tí ó ní kí kíyà Morse máa ṣe iṣẹ́ báǹkì. Ohun tí ọjọ́ náà fi hàn ni pé ìlú tí ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo láti fi sọ̀rọ̀ ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Rédíò tí bátìrì ọkọ̀ lè gbé, tí kò bèèrè wáyà lọ́wọ́ òkun, kì í ṣe ohun tí ọlọ́gbọ́n ń jù sí ààtàn nítorí sípíríǹgì kan.

Àríyànjiyàn wọn tí ó kù ni pé ẹ̀rọ náà ti gbó. Ọjọ́ orí kọ́ ni ó ń pa kíyà. Ẹ wo Vibroplex, tí Horace Martin gba ìwé ẹ̀tọ́ lé lórí ní Amẹ́ríkà ní 1904. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń gbọ̀n ni ó ń dá kúkúrú nínú rẹ̀. Kò ní IC, kò sì lo iná láti wọn àkókò. Ìdè, sípíríǹgì, òṣùwọ̀n kékeré àti orí fàdákà ni gbogbo ara rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà ṣì ń ta páàtì rẹ̀, alágbẹ̀dẹ tí ọwọ́ rẹ̀ bá sì dá lè rọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ohun tí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ń ṣiṣẹ́ lọ.

Ẹ wá wo àwọn kíyà tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú IC Curtis 8044. IC kan ṣoṣo yìí ni ọpọlọ gbogbo ẹ̀rọ náà, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ni ó sì lò ó, títí kan MFJ ti Mississippi. Wọn kò ṣe IC náà mọ́ tipẹ́tipẹ́. MFJ fúnra rẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1972, kéde ní 2024 pé òun ń dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní ilé iṣẹ́ òun. Nítorí náà kíyà tí ó kéré sí Vibroplex ní ọjọ́ orí, tí ojú rẹ̀ ṣì ń dán, ni ó kọ́kọ́ di òkú. Bí ó bá jẹ́ pé ogbó ni ó ń pa ẹ̀rọ, èyí kì bá tí rí bẹ́ẹ̀.

Ti Heathkit tún wà. Ilé iṣẹ́ yìí ń ta ẹ̀rọ ní àtòpọ̀, kí ẹni tí ó rà á fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó. Ó dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 1992, ó sì pẹ́ gan-an kí orúkọ náà tó tún jáde. Síbẹ̀, ẹni tí kíyà Heathkit bá kú mọ́ lọ́wọ́ ṣì ní ìrètí, nítorí pé ìwé tí ó bá a wá ní àwòrán sákíìtì àti orúkọ páàtì kọ̀ọ̀kan. Oníṣẹ́ kú, ìmọ̀ kò bá a kú. Ohun tí ó ń pa ẹ̀rọ ni kí ẹni tí ó ṣe é ti ìmọ̀ rẹ̀ mọ́ inú IC, kí ó gbé kọ́kọ́rọ́ lọ.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún Yorùbá láti mọ̀. Bí ọ̀sán gángan bá já, kò sí àyàn tí yóò ní kí wọ́n ju ìlù nù. Bí awọ rẹ̀ bá ya, wọn yóò fi awọ ọmọ ewúrẹ́ mìíràn bò ó. Gángan tí bàbá lù ni ọmọ ń lù, bóyá igi rẹ̀ nìkan ni ó kù nínú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́. Ohun tí páàtì rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí ń lò ó kì í kú ikú òjijì. Àwọn tí wọ́n mọ èyí nípa ìlù ni wọ́n wá gbàgbé rẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ìdí ẹ̀rọ.

Ìgbàgbé náà kò wá láti inú àìní. Ìwádìí tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti àwọn onímọ̀ ní Nàìjíríà ṣe ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ oníná àlòkù ni ó ń wọlé lọ́dọọdún, tí nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún wọn kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Nínú àwọn òkú ẹ̀rọ wọ̀nyí ni relay tí ó ní orí fàdákà wà. Nínú wọn ni sípíríǹgì, kọ́ńtíróòlù, kápásítọ̀ àti ilé bátìrì wà. Ọ̀pọ̀ ohun tí ẹni tí ó wà ní Anthony ń wá kiri ti gba èbúté wọlé, ó ti bá ọkọ̀ ẹrù kọjá, ó sì ti dé Ọ̀jọ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná sun wáyà rẹ̀ kí wọ́n lè yọ bàbà, tí èéfín rẹ̀ ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọdé. Wọ́n gba májèlé náà, wọ́n sun àǹfààní rẹ̀.

Àwọn oníṣòwò Mile 12 kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí tòmátì. Bí apẹ̀rẹ̀ bá ti Àríwá dé, wọn kì í sun ún nítorí pé ìdá kan ti rà nínú rẹ̀. Wọ́n á ṣà á: èyí tí ó le, èyí tí ó rọ̀, èyí tí yóò wọ ìkòkò kí ilẹ̀ tó ṣú, kálukú pẹ̀lú iye tirẹ̀. Yorùbá ní ohun tí a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Àwọn ọ̀dọ́ Computer Village náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa fóònù: wọ́n ń yọ IC lára fóònù tí ó ti kú láti fi jí òmíràn. Nítorí náà ọwọ́ wà, ojú wà, irin tí ó ń gbóná wà. Ètò tí yóò mú kí ọgbọ́n yìí kọjá ibi fóònù ni kò sí.

Ẹ̀bi náà kan àwọn ọlọ́rédíò fúnra wọn. Púpọ̀ nínú wọn ń kó ẹ̀rọ pamọ́ bí ẹni ń kó wúrà, wọn kò kọ orúkọ ohun tí wọ́n ní sílẹ̀, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ tí ọlọ́jọ́ bá dé, àwọn ọmọ yóò pe oníkóńdẹ̀mù, yóò gbé gbogbo rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, yóò san owó irin. Kíyà tí páàtì rẹ̀ ì bá jí kíyà mẹ́ta mìíràn yóò bá agada ìdáná lọ sí ilé iṣẹ́ tí ń yọ́ irin. Ẹgbẹ́ NARS, tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́rédíò ámátọ̀ ní Nàìjíríà, lè fi òpin sí èyí láìdúró de ìjọba. Kí wọ́n ṣí ìwé kan tí yóò sọ ẹ̀rọ tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àti páàtì tí ó ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́. Kí wọ́n ní yàrá kan ní Èkó tí àwọn ìdílé olóògbé lè kó ẹ̀rọ wá, kí wọ́n sì san iye tí ó tọ́ fún wọn.

Kí ó tó dìgbà náà, ẹni tí kíyà rẹ̀ kú kò gbọ́dọ̀ sọ ìrètí nù. Bí wọ́n bá ń gún iyán nínú odó, tí wọ́n ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Alágbẹ̀dẹ fàdákà lè ṣe orí tuntun fún apá tí ó ti jẹ. Bí ó bá jẹ́ ìdọ̀tí lásán ni, bébà tí kò ní iyanrìn ni kí wọ́n fà gba àárín rẹ̀. Bébà oníyanrìn yóò họ fàdákà náà dànù. Kápásítọ̀ tuntun kò wọ́n ní ọjà, kìkì kí ẹni tí ń lẹ̀ ẹ́ ṣọ́ ìhà tí àmì òdì rẹ̀ wà. Ní ti Curtis 8044, kí ènìyàn ṣọ́ra fún àwọn tí ń tún àkọlé kọ sẹ́yìn IC. Ọ̀nà tí ó dára jù ni kí ó fi Arduino, pátákó kékeré tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé gíga ń fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, rọ́pò ọpọlọ náà. Àwọn ọlọ́rédíò ti kọ ètò kíyà fún un, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Àpótí náà yóò jẹ́ ti àtijọ́, ọpọlọ rẹ̀ yóò jẹ́ tuntun, ìmọ̀ rẹ̀ kò sì ní sí lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan yóò ní owó àtúnṣe yìí lè tó owó kíyà tuntun láti China. Bóyá. Ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n fi ń ra tuntun, iye dọ́là sì ti ju ìlọ́po méjì lọ láti oṣù kẹfà 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀. Owó ọkọ̀ tí yóò gbé páàtì kékeré wá láti òkèèrè a sì máa ju owó páàtì náà lọ. Owó tí wọ́n san fún alágbẹ̀dẹ àti fún ọ̀dọ́ tí ń tún ẹ̀rọ ṣe kò kúrò ní Èkó. Èyí tí wọ́n fi ra tuntun lọ, kò sì ní padà.

Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Iṣẹ́ wà fún ìjọba. Lẹ́yìn tí wọ́n da májèlé láti Ítálì sí Kókò ní 1988, Nàìjíríà ṣe òfin lórí ìdọ̀tí olóró. Ní 2007 ó dá àjọ NESREA sílẹ̀, ní 2011 ìlànà sì jáde lórí ẹ̀rọ oníná. Kí wọ́n lo ìlànà náà. Kí ẹni tí ó kó àpótí tòkunbọ̀ wọlé ṣà á ní èbúté, kí òkú ẹ̀rọ lọ sí ọwọ́ àwọn tí ó ní ìwé àṣẹ láti tú u sí páàtì, kí ẹnikẹ́ni má sì fi iná sí i. Kí àjọ FCCPC, tí òfin 2018 fi sípò láti dáàbò bo oníbàárà, fi dandan lé e pé ẹni tí ó bá ń ta ẹ̀rọ tuntun ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ fi àwòrán sákíìtì sílẹ̀, kí ó sì máa ta páàtì rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Àwọn ará Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀: òfin tí wọ́n ṣe ní 2024 ní kí àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ, fóònù àti irú wọn máa tún wọn ṣe fún oníbàárà ní iye tí kò gani lára. Bí àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ bá bèèrè ẹ̀tọ́ àtúnṣe, kí ni ó ń ti àwọn tí ń fi owó wọn rà á lójú?

Kí ìjọba Èkó pẹ̀lú wo àwọn ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, bí èyí tí ó wà ní Àgídíngbí àti ní Ìkọ̀tún. Ẹ̀rọ tí ó dára jù kíyà Morse láti fi kọ́ ọmọ ní sákíìtì kò pọ̀: ó kéré, iná rẹ̀ kò lè pa ènìyàn, ó ní irin, ó ní iná, ó sì ní ètò kọ̀ǹpútà, ẹni tí ó bá sì tò ó tán yóò fi etí ara rẹ̀ gbọ́ bóyá ó ṣe é dáadáa. Kí wọ́n gbé òkú kíyà mẹ́wàá ka iwájú kíláàsì kan. Kí wọ́n fún àwọn ọmọ náà ní sáà kan láti jí wọn. Nígbà tí àgbàlagbà kan bá tún ti Anthony gbé kíyà rẹ̀ dé ìsọ̀ kan ní Ìkẹjà, ẹni tí yóò bá níbẹ̀ yóò jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ọ̀rọ̀ tí yóò sì jáde lẹ́nu rẹ̀ ni: “Dádì, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n tú u wò.”